Ìmìtìtì Ilẹ̀ Kọ́ Ló Ń Bí Òkè Ayọnáyèéfín

Ní Ìdèrè wa yìí, àpáta ló yí wa ká. Àwọn kan sì ń sọ pé níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ ti mì ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1984, tó tún mì ní Abẹ́òkúta ní 2009, òkè tiwa náà yóò tu iná lọ́jọ́ kan. Mo ta ko ọ̀rọ̀ yìí.

Èèpo ayé pín sí awẹ́ bí obì. Ní Jàpáànù, awẹ́ tó wà nísàlẹ̀ òkun Pàsífíìkì ń rì sábẹ́ èkejì. Tó bá rì tó nǹkan bí 100 kìlómítà, omi inú rẹ̀ a jáde, a sì mú kí àpáta gbígbóná tó wà lórí rẹ̀ yọ́. Àpáta yíyọ́ yìí ló ń gòkè wá tú jáde ní òkè ayọnáyèéfín. Ṣùgbọ́n awẹ́ náà kò dúró. Bó ṣe ń rì lọ ló ń fa ìmìtìtì, títí dé nǹkan bí 700 kìlómítà. Èyí tó ṣẹlẹ̀ lábẹ́ òkun Okhotsk ní Rọ́ṣíà ní 2013 jìn tó nǹkan bí 600 kìlómítà, ó jìnnà réré sí ibi tí àpáta ti ń yọ́. Ọmọ ìyá kan náà ni ìmìtìtì jíjìn àti òkè ayọnáyèéfín. Ẹ̀gbọ́n kì í bí àbúrò.

Níbo wá ni awẹ́ tó ń rì wà lábẹ́ Ìbàràpá? Kò sí. Ẹnìkan lè ní, “Òkè Kamẹrúùnù ńkọ́, tó tu iná ní 1999 àti 2000?” Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí awẹ́ tó ń rì lábẹ́ òun náà, kò sì sí ìmìtìtì tó jìn bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Èyí tó ń mi ilẹ̀ wa kò jìn: ojú ibi tí àpáta ti sán látijọ́ ló ń yẹ̀. Ògiri ni ká bẹ̀rù. Ní Accra, ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà 1939, òkè kankan kò tu iná, síbẹ̀ ilé wó, ènìyàn sì kú.

Nígbà tí sòbìà ń dá àwọn òbí wa lóró ní Ìdèrè, ìbẹ̀rù kọ́ ló lé e lọ. Ìmọ̀ ni, àti aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi mu. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ wa ní ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ́ kí bíríkìlà fi sìmẹ́ǹtì ṣahun. Ẹ jẹ́ ká fi òkè sílẹ̀, ká tún ilé ṣe.