Àlejò Ò Mọ Ògiri Tó Sán

Nígbà tí èrò láti ìlú òkèèrè ń wọ́ wá sí ìjọ Wòlíì T.B. Joshua ní Ìkọ̀tún, nílùú Èkó, onílé tó ní yàrá méjì péré di oníhòtẹ́ẹ̀lì. Ìyá mi náà kó wa sí pálọ̀, ó fi yàrá wa gbàlejò. Obìnrin kan láti South Africa sùn lórí bẹ́ẹ̀dì mi fún ọjọ́ márùn-ún. Ó béèrè omi gbígbóná, ó béèrè iná. Kò béèrè ẹni tó kọ́ ilé.

Lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, ilé àlejò inú ọgbà ìjọ náà wó. Ó lé ní 100 èèyàn tó kú, ọmọ South Africa ló pọ̀ jù nínú wọn. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè tí àlejò wa kò bi wá ti ń dún létí mi.

Lónìí, irú ilé tí a fi ń gbàlejò bẹ́ẹ̀ la ti ń pè ní shortlet. Láti Ẹgbẹ́dá dé Ìgàndò, fọ́tò àga tuntun àti tẹlifíṣọ̀n ńlá là ń gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ta ló ya fọ́tò òpó ilé? Ojú ńlá ni àlejò ní, kò fi ríran. Ẹ̀yin onílé, ẹ lẹ ìwé LASBCA, àjọ tó ń mójú tó ilé kíkọ́ ní Èkó, tó ní ilé yín yẹ fún gbígbé mọ́ ẹnu ọ̀nà, bí onímọ́tò ti ń lẹ páálí mọ́ gíláàsì.

Àwa náà ń rìnrìn-àjò. Èmi kì í sùn nílé àjòjì mọ́ láìkọ́kọ́ yí i po.