Ìgò Amọ̀ Tí Bàbá Àgbà Fi Sílẹ̀

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ohun ogún ni mo fẹ́ bá ìdílé wa sọ, nítorí pé àwọn kan nínú wa ti ń fi ìbẹ̀rù fọ́ ohun tí wọn kò tíì yẹ̀ wò.

Báyìí ló ṣe máa ń rí. Bàbá àgbà ti sùn nínú Olúwa, àwọn ọmọ ń palẹ̀ yàrá mọ́, wọ́n wá bá ìgò kan nísàlẹ̀ àpótí. Kì í ṣe ìgò gíláàsì, amọ̀ ni. Ó wúwo, ó ń dán, àmì tí ẹnikẹ́ni kò lè kà sì wà lára rẹ̀. Ẹnìkan á pariwo pé, "Ẹ má fọwọ́ kàn án o, ìgò oògùn ni!" Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́, wọ́n ti gbé e tọ pásítọ̀ wá pé kí ó bá wọn fọ́ ọ.

Lóòótọ́, àwọn ará Éfésù inú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 19 sun ìwé idán wọn. Ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ló ni ìwé náà, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ti ń fi í ṣe. Ìgò tí ẹ kò mọ ibi tó ti wá ńkọ́? Àìmọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: Níbo ni bàbá dé láyé rẹ̀? Nígbà ogun Hitler, wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà mọ́ àwọn sójà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Dìfísọ́nnù 81 àti 82, lọ sí Íńdíà ní 1943 àti 1944, láti bá àwọn ará Jàpáànì jà ní Bọ́mà, tí à ń pè ní Myanmar báyìí. Ọmọ Yorùbá wà níbẹ̀. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé, fara gbọgbẹ́ níbẹ̀ ní 1944, àwọn ará abúlé ló fi í pamọ́ fún ọ̀tá títí ó fi rí ọ̀nà padà wálé. Nítorí náà, ẹ wá ìwé ìdásílẹ̀ sójà nínú àpótí kan náà, tàbí àmì ẹ̀yẹ oníràwọ̀ tí wọ́n kọ "The Burma Star" sí. Bí bàbá bá sì jẹ́ òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òkun, ọ̀nà mìíràn nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ ìgò wò. Iná gbangba la fi ń sun àmù tiwa, omi a sì máa yọ díẹ̀díẹ̀ lára rẹ̀. Ohun tó ń mú kí omi àmù tutù nìyẹn. Inú ìléru ni wọ́n ti sun irú ìgò yìí, pẹ̀lú iná tó gbóná tó 1,200 lórí òṣùwọ̀n Celsius tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí amọ̀ fi dì bí òkúta. Ẹ kán omi sí ìdí rẹ̀ níbi tí kò dán. Bí omi kò bá wọlé, tí ìgò sì dún bí agogo nígbà tí ẹ fi ìka ta á, amọ̀ líle ni.

Ẹ má tíì sọ pé Éṣíà ló ti wá o! Hòláńdì àti Jámánì ni ọ̀pọ̀ ìgò amọ̀ líle tó dé etíkun wa ti wá, ìgò jìnnì ni. Tiwọn ga, ó nà gbọnrangandan, ó ní etí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn, ara rẹ̀ sì máa ń rí ṣákiṣàki bí èèpo ọsàn, nítorí iyọ̀ tí wọ́n dà sínú ìléru.

Ti Ṣáínà tó wọ́pọ̀ jù yàtọ̀. Ikùn rẹ̀ yí roboto, ọrùn rẹ̀ kúrú, ẹnu rẹ̀ ṣí bí ẹnu fèrè, àwọ̀ dúdú tó fẹ́ pọ́n ló sì ń dán lára rẹ̀. Ọtí ọkà bàbà tàbí ti ìrẹsì ló máa ń wà nínú rẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ń fi èèpo gbòǹgbò igi sínú oríṣi kan tí wọ́n ń pè ní Ng Ka Py, nítorí náà bí bàbá bá sọ pé àgbo ni, kò fi bẹ́ẹ̀ purọ́! Ibi tí àwọn ará Ṣáínà bá ti ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń kó o lọ. Wọ́n ṣì ń hú u jáde nílẹ̀ ní Kalifóníà, níbi tí wọ́n ti la ojú irin ní àwọn ọdún 1860. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sí i lára ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà kí a tún ìgò náà lò, Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún, láàárín 1935 sí 1964 tí òfin náà fi wà.

Ti Jàpáànì ńkọ́? Òmíràn funfun díẹ̀ tàbí ó rí bí eérú, wọ́n sì fi búrọ́ọ̀ṣì kọ lẹ́tà ńláńlá sí ikùn rẹ̀. Àwọn ọlọ́tí ló ń yá oníbàárà ní irú ìgò bẹ́ẹ̀. Bó bá mu ún tán, á dá a padà, bí a ti ń dá ìgò mínírà padà. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti ìlú ni ohun tí ẹ̀ ń sá fún yẹn, kì í ṣe ọfọ̀! Bí nọ́ńbà tẹlifóònù bá wà níbẹ̀, kò lè ṣáájú 1890, nítorí ọdún náà ni tẹlifóònù bẹ̀rẹ̀ fún aráàlú níbẹ̀. Bí ìdí rẹ̀ bá sì sọ pé "Occupied Japan", lẹ́yìn ogun ni wọ́n ṣe é, nígbà tí àwọn Amẹ́ríkà ń ṣàkóso Jàpáànì títí di 1952. Bàbá kò lè bá a pàdé lójú ogun nìyẹn.

Ẹ má ṣe fi kànìnkàìn ha á, ẹ má sì mu ohunkóhun nínú rẹ̀. Ní ti owó, ẹ fi ọkàn balẹ̀: irú ìgò ọtí wọ̀nyí pọ̀ káàkiri, kò lè kọ́ ilé fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ má tà á fún oníṣòwò tó bá ń kánjú kí ẹ tó fi han àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, irú èyí tó wà ní Oníkan l'Ékòó.

Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, pàápàá ìdí rẹ̀ àti lẹ́tà ara rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ bàbá, ibi tó dé, ọdún tó padà, àti ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ fi ìwé náà sínú àpótí pẹ̀lú ìgò. Bí àbúrò bàbá kan bá ṣì wà láyé tó rántí ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ogun dé, ẹ má dúró de ìpàdé ìdílé ìparí ọdún. Ẹ lọ bá a lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ gbé ìgò náà dání.