Gbogbo Ìrora Ìdí Kọ́ ni Jẹ̀díjẹ̀dí

Ọ̀rọ̀ ìtìjú ni a gbé dé. Àwa tí a dàgbà sí Òkè Ọya mọ̀ ọ́n dáadáa: bí ìdí bá ti ń dun ènìyàn, Yorùbá á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, Haúsá á ní basir ni, àgbo sì délẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Bí ẹ̀gbẹ́ ihò ìdí bá wú, tó gbóná, tó ń sọ kúlúkúlú, tí a kò lè jókòó ní kíláàsì mọ́, eéwo ló sábà máa ń jẹ́. Àgbo kò lè fa ọyún inú rẹ̀ jáde. Kápúsù nìkan kò tó. Dókítà ni yóò fún wa lóògùn ìpàrora, tí yóò là á kí ọyún dà jáde. Lẹ́yìn náà, a ó máa jókòó sínú omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ títí ojú egbò yóò fi jinná. Nígbà mìíràn, ihò tóóró á ṣẹ́kù tí ọyún ń gbà jáde. Ìyẹn ń fẹ́ iṣẹ́ abẹ mìíràn.

Bí ibà bá bá a rìn, tàbí tí aláìsàn ní àtọ̀gbẹ, kí ó má ṣe dọ̀la. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi abẹ là á fúnra rẹ̀ ní yàrá. Ẹ jẹ́ ká lọ bá dókítà: ìtìjú kò wo eéwo sàn rí.