Ẹ̀dà ìwé ẹgbẹ́: ta ni yóò pa á mọ́, níbo sì ni?

Ẹ̀yin Kábíyèsí, ẹ̀yin baálẹ̀ àti ìjòyè, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa láti Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ títí dé Atakpamé,

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà nìkan. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ ìlú ni. Inú kọ̀ǹpútà mẹ́rin tó so mọ́ra ní ilé iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni orúkọ gbogbo wa wà. Ibẹ̀ ni àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́ wà, àti àwòrán ìwé ilẹ̀ tí àwọn ìdílé kó wá pé kí a bá àwọn pa mọ́, àti ohùn àwọn àgbà tí a gbà sílẹ̀, tí àwọn míì nínú wọn ti wàjà. Bí iná mànàmáná bá ba ẹ̀rọ wọ̀nyẹn jẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan, tàbí bí olè bá kó wọn lọ, kí ni a ó fi dá ẹni tó bá béèrè ìwé ilẹ̀ baba rẹ̀ lóhùn?

Àwọn baba wa ti mọ irú ọ̀rọ̀ yìí kí kọ̀ǹpútà tó dé. Àgbẹ̀ kì í jẹ iṣu tán láì dá èébù sí. Ní Kétu, Baba Ẹlẹ́gùn ni ìlú fi ìtàn àwọn ọba lé lọ́wọ́. Iṣẹ́ ìdílé ni, orí ló sì fi ń pa á mọ́. Nígbà tí ogun Dahomey fọ́ Kétu ní 1886, wọ́n sun ìlú, wọ́n kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú lọ sí Abomey. Nígbà tí àwọn tó kù padà wálé lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Dahomey, orúkọ àwọn ọba kò tíì parun. Ilé jó, ìtàn kò jó, nítorí pé inú ilé tó jó kọ́ ló wà.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ìmọ̀ràn tí àwọn ènìyàn ń mú wá. Àwọn kan ní kí akọ̀wé máa da gbogbo rẹ̀ sórí clé USB, kó máa gbé e relé. Clé USB kò ju ìka ọwọ́ lọ. Àpò ṣòkòtò lè gbé e mì. Bí kò bá tilẹ̀ sọnù, ọjọ́ tí ìjà bá dé láàárín ẹgbẹ́ àti akọ̀wé ńkọ́? Ẹgbẹ́ odindi kò gbọdọ̀ máa kúnlẹ̀ bẹ ẹnì kan nítorí ìwé tirẹ̀.

Àwọn míì ní kí a kó gbogbo rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó tán síbẹ̀. Ẹ rántí 14 oṣù kẹta 2024, nígbà tí okùn abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Côte d'Ivoire, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì dákú ní Benin, ní Tógò àti ní ọ̀pọ̀ ìlú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹ rántí 10 oṣù kẹta 2021 pẹ̀lú: iná jó ilé tí OVH ń kó ẹ̀rọ sí ní Strasbourg, ní Faransé. Àwọn oníbàárà kan wà tí iṣẹ́ wọn àti ẹ̀dà rẹ̀ jọ wà níbẹ̀, méjèèjì ló bá a lọ. Íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ojú ọ̀run. Ilé ẹnì kan ní ibì kan ni, iná sì lè jó o.

Àwọn tó mọ ẹ̀rọ díẹ̀ ní kí a ra àpótí tó ní disque dur méjì nínú, tí ọ̀kan ń ṣe ohun tí èkejì bá ṣe. Ó dára, bí ọ̀kan bá kú, iṣẹ́ kò dúró. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹnì kan bá ṣèèṣì pa rẹ́ lórí ọ̀kan, á pa rẹ́ lórí èkejì lójú ẹsẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2017, virus tí wọ́n ń pè ní WannaCry wọ kọ̀ǹpútà ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 150. Ó ń ti kọ̀ǹpútà kan bọ́ sí òmíràn tó so mọ́ ọn, ó ń ti ìwé inú wọn pa, ó sì ń béèrè owó. Disque dur tí wọ́n ti yọ kúrò lára ẹ̀rọ, tó wà nínú àpótí, kò ní ọwọ́ tó lè fi kàn án.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Òfin tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé kò ṣòro: kí ẹ̀dà jẹ́ mẹ́ta, kí wọ́n wà lórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan wà ní ibòmíràn. Èyí ni a dábàá fún ẹgbẹ́ wa.

Èkínní, kí kọ̀ǹpútà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa da iṣẹ́ wọn sínú àpótí ilé iṣẹ́ lálaalẹ́ fúnra wọn, láì dúró de ẹnì kankan, kí àpótí náà sì máa tọ́jú ti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

Èkejì, kí a ra disque dur méjì. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí a da ẹ̀dà sórí ọ̀kan, kí a yọ ọ́, kí a gbé e lọ sí ìlú míì, kí a sì gbé èkejì padà wá. Bí ilé iṣẹ́ bá wà ní Kétu, kí ẹ̀dà wà ní Pọ́bẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí ìwé owó àti ìwé ilẹ̀ máa lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lóṣooṣù, pẹ̀lú kóòdù lórí wọn. Ìwé ilẹ̀ fúnra rẹ̀, tó ní òǹtẹ̀ lára, kí ìdílé má ṣe jù ú nù o. Àwòrán kò rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí ìgbìmọ̀ mú ìwé kan tó bá wù wọ́n, kí wọ́n ní kí a ṣí i láti inú ẹ̀dà lójú wọn. Ẹ̀dà tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí wò rí, ìrètí lásán ni.

Ó wá ku ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná: ta ni yóò di ẹ̀dà mú? A gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ lábẹ́lẹ̀. Wọ́n ní bí ó bá wà ní ààfin, ààfin á mọ àṣírí ilẹ̀ gbogbo ìdílé. Wọ́n ní bí ó bá wà lọ́wọ́ olóṣèlú kan, orúkọ àti nọ́ńbà tẹlifóònù wa á di ọjà nígbà ìbò. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Òfin Code du numérique ti Benin, ti 2018, dáàbò bo orúkọ àti nọ́ńbà ènìyàn. Tógò náà ṣe òfin tirẹ̀ ní 2019. Ẹgbẹ́ tó bá kó orúkọ ènìyàn jọ ló gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọ.

Nítorí náà, ẹni tó gba disque dur, kó má mọ kóòdù. Ẹni tó mọ kóòdù, kó má ní disque dur nílé. Kí a kọ kóòdù náà sórí ìwé méjì, kí a lẹ àpò ìwé pa, kí àgbà méjì láti ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pa á mọ́, nítorí pé bí kóòdù bá sọnù, ẹ̀dà náà ti sọnù nìyẹn. Bí olórí tuntun bá jẹ, kí a yí i padà.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, a fẹ́ kí ẹ pinnu ohun mẹ́ta: owó disque dur méjì, ìlú tí ẹ̀dà yóò máa gbé, àti orúkọ àwọn tí ẹ fọkàn tán. Ẹ má fi í sílẹ̀ fún àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà nìkan. Wọ́n mọ ẹ̀rọ, ẹ̀yin lẹ mọ ènìyàn. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.