Ọ̀dà Tuntun Kì í Gbé Ilé Ró

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbàgbọ́ pé ilé àtijọ́ nìkan ni ó yẹ kí á máa bẹ̀rù, àti pé ẹni tí ó bá ti rí ilé tuntun gbà ti bọ́ lọ́wọ́ ewu. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí a ṣì ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ìkòyí, ní ìlú Èkó, wó lulẹ̀. Àwọn ènìyàn tí ó lé ní 40 ni ó sì bá a lọ. Ilé náà kò tilẹ̀ tíì parí.

Kí ni ó ń pa ilé ní èwe bẹ́ẹ̀? Ojúkòkòrò ni olórí wọn. Ìpìlẹ̀ tí a fi lélẹ̀ fún ilé ilẹ̀ ni ẹlòmíràn yóò gbé àjà méjì lé. Ẹlòmíràn a lọ kó yanrìn etí òkun, iyọ̀ inú rẹ̀ a sì máa jẹ irin inú òpó díẹ̀díẹ̀ bí ikán. Ní ọdún 2014, àjọ SON pàṣẹ pé sìmẹ́ńtì tí a kọ 32.5 sí lára kò gbọdọ̀ kọjá iṣẹ́ ilé rírẹ́, pé 42.5 ni kí á fi máa gé búlọ́ọ̀kù, kí á sì fi máa da òpó. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn tí ń kọ́lé ni ó ń wo ara àpò? Kọnkéré pàápàá ń fẹ́ omi àti sùúrù. Ó tó ọjọ́ 28 kí agbára rẹ̀ tó pé bí ó ti yẹ. Síbẹ̀ a rí onílé tí yóò ní kí wọ́n yọ pákó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, nítorí pé ayálégbé ti san owó ọdún méjì sílẹ̀!

Àwọn kan ní olùbẹ̀wò ìjọba ni yóò gbà wá. Mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìgbà wo ni ó ń dé? Bí a bá ti rẹ́ ògiri tí a sì ti kùn ún, ojú olùbẹ̀wò kò lè wọ inú òpó mọ́. Ìgbà tí irin ṣì hàn síta ni kí ó wá kà á, kí ó sì tún padà wá ní àjà kọ̀ọ̀kan. (Olùbẹ̀wò tí ó jókòó sínú ọkọ̀ tí ó ń buwọ́ lùwé kò bẹ ohunkóhun wò.)

Ní Èkó, àjọ tí ń bójú tó ilé kíkọ́ a máa fún onílé ní ìwé ẹ̀rí pé ilé ti parí, ó sì yẹ ní gbígbé. Ó yẹ kí ayálégbé bèèrè rẹ̀ kí ó tó san kọ́bọ̀. Òótọ́ ni pé ilé wọ́n, onílé sì lè lé e lọ fún ẹni tí kò ní bèèrè. Nítorí náà ni mo fi ní kí òfin mú onílé láti lẹ ìwé náà mọ́ iwájú ilé, ní ibi tí ẹni tí ń kọjá lọ lè kà á.