Àwa Tí A Ní Oòrùn, Tí A Fẹ́ Gbin Igbó Sábẹ́ Gílóòbù

Kò sí iṣẹ́ àgbẹ̀ ìgbàlódé kankan nínú kí èèyàn ti yàrá pa ní Ẹgbẹ́dá, kó fi ọ̀rá dúdú bo fèrèsé, kó wá tan gílóòbù ńlá lé igbó lórí bí ẹni ń ṣọ́ ọmọ tuntun. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ò ní dùn mọ́ àwọn ọ̀dọ́ kan nínú. Wọ́n ti wo fídíò débi pé ojú wọn pọ́n. Wọ́n á ní, “Bùọ̀dá, kò nílò ilẹ̀ rárá. Èèpo àgbọn ni wọ́n fi ń gbìn ín. Omi kan náà ló kàn ń yí po.”

Wọn ò parọ́. Èèpo àgbọn tó nírun yẹn, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fọ iyọ̀ ara rẹ̀ dànù, wọ́n á kó o sínú ike dípò iyẹ̀pẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan á máa fa omi tí wọ́n po ajílẹ̀ mọ́ láti inú dúrọ́ọ̀mù wá sídìí irúgbìn. Èyí tí gbòǹgbò ò bá mu á ṣàn padà sínú dúrọ́ọ̀mù, ẹ̀rọ á tún fà á. Ìmọ̀ gidi ni, mi ò bá a jà. Gílóòbù yẹn ni mò ń bá jà, àti òfin tó bí i.

Ta ló ń gbin igbó sábẹ́ iná? Ẹni tí yìnyín wà lójúde rẹ̀, àti ẹni tó ń sá fún ọlọ́pàá. Kánádà ní yìnyín. Àwa ò ní yìnyín, oòrùn Ìgàndó á gbẹ aṣọ kí ẹ tó jẹun tán. Ọlọ́pàá nìkan ló kù tí à ń torí ẹ̀ tanná lọ́sàn-án.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A láti náírà 68 lọ sí náírà 225 fún yúnìtì kan. Gílóòbù 600 wáàtì tó bá tàn fún wákàtí 12 á jẹ yúnìtì 7.2. Ní iye ọjọ́ náà, náírà 1,620 nìyẹn lójúmọ́, náírà 48,600 lóṣù. Gílóòbù kan ṣoṣo o! A ò tíì ka fáànù, a ò tíì ka A.C. tó máa lé ooru gílóòbù jáde. Náírà 70,000 sì ni owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún yẹn kan náà. Àdúgbò tí kò sí ní Band A ńkọ́? Jẹnẹrétọ̀ ni, ẹ̀yin ará Ìkòtún ẹ sì mọ ohun tí epo ń ṣe fún wa. Kódà ní Amẹ́ríkà, ní 2012, Evan Mills ṣírò pé igbó inú ilé ń jẹ nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo iná tí orílẹ̀-èdè náà ń lò.

Ata rodo ò lè san owó iná yẹn, ẹ̀fọ́ ò lè san án. Igbó nìkan ló lè san án, torí òfin ló sọ ọ́ di ọ̀wọ́n.

Ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Ìkòtún sọ fún mi pé òun ti ra ike mẹ́fà. Mo bi í pé òórùn ńkọ́? Ó ní òun á pa fèrèsé dé. Nínú ilé olójúkojú, níbi tí ẹ ti ń gbọ́ ikọ́ ará yàrá kejì! Èèyàn 1,277,714 ni ìkànìyàn 2006 kà ní Alímọ̀ṣọ́. Ibo ni ẹ fẹ́ fi òórùn igbó pamọ́ sí níbẹ̀? Ẹ̀wọ̀n gbére sì ni òfin NDLEA ti 1989 kọ sílẹ̀ fún ẹni tó bá gbin oògùn olóró. Mi ò mọ ike mẹ́fà tó tó ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká fi gbogbo ẹ̀bi sórí ọmọ ọlọ́mọ. Ní 1966, ìjọba ológun ṣòfin pé ikú, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 21, ni ti ẹni tó bá gbin igbó. Wọ́n yọ ikú kúrò ní 1975. Kí ló tẹ̀yìn ẹ̀ yọ? Ìwádìí UNODC àti àjọ ìṣirò ìjọba tó jáde ní 2019 ní mílíọ̀nù 10.6 èèyàn ló lo igbó láàárín ọdún kan ní Nàìjíríà. Àgbẹ̀ tó ń gbìn ín nínú igbó ọba l'Óǹdó (igbó nínú igbó, ẹ má bínú, èdè wa ló ṣe é bẹ́ẹ̀), NDLEA á dé, wọ́n á ṣá a lulẹ̀, wọ́n á dáná sun ún. Bẹ́ẹ̀, àwọn NDLEA yìí kan náà ló ń kéde “Canadian Loud” tí wọ́n ń bá nínú kọ̀ntéénà ní èbúté Tincan, tí wọ́n tì bọ inú ọkọ̀ tòkunbọ̀. Kánádà fọwọ́ sí igbó ní 17 oṣù kẹwàá 2018, ilé-iṣẹ́ ibẹ̀ sì ń san owó orí fún ìjọba wọn. Igbó tó ti abẹ́ gílóòbù wá la wá ń rà lọ́wọ́n, àwa tí tiwa ń hù lábẹ́ oòrùn ọ̀fẹ́!

Rótìmí Akérédolú rí i. Ní oṣù karùn-ún 2019, òun àti Muhammad Abdallah, ọ̀gá NDLEA ìgbà náà, jọ lọ sí Thailand lọ wo bí wọ́n ṣe ń gbin igbó fún oògùn òyìnbó. Ariwo sọ. Akérédolú kú ní 2023, Oǹdó ṣì wà níbi tó wà. Buba Marwa, tó ti ń darí NDLEA láti 2021, ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Gánà fi ìwé àṣẹ fún irú èyí tí THC rẹ̀ ò ju 0.3 nínú 100 lọ sínú òfin ní 2020. Ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ wọn fagi lé e ní 2022, ilé aṣòfin wọn tún padà ṣe é ní 2023. Wọ́n ń jà sí i, ó kéré tán.

Ẹnìkan á ní, ṣé mi ò mọ ohun tí igbó ń fi ojú ọmọ rí ni? Mo mọ̀. Láti 1964 ni Dókítà Tọ́lání Àsúní ti Arò, l'Ábẹ́òkúta, ti kọ̀wé nípa igbó àti àrùn ọpọlọ, kí òfin 1966 tó dé. Ìdí tí mo fi fẹ́ ìwé àṣẹ gan-an nìyẹn. Ẹni tó ní ìwé àṣẹ ní orúkọ, ó ní àdírẹ́sì, wọ́n lè wọn agbára ohun tó gbìn, wọ́n lè ní kó má tà á fún ọmọdé. Ẹni tó tilẹ̀kùn mọ́rí ní Ìdímù, ta ló máa wọn tiẹ̀?

Ohun tó dùn mí jù ni pé ìmọ̀ èèpo àgbọn yìí ti fẹ́ di ìmọ̀ ọ̀daràn. Íńdíà àti Sri Lanka ń tà á káàkiri ayé. Àgbọn kún Àgbádárìgì, à ń da èèpo ẹ̀ nù. Nígbà tí kòkòrò run tòmátò ní Kàdúná ní 2016, gbogbo ọjà Èkó ló gbóná. Ata àti tòmátò inú ike, lórí òrùlé oníkankéré, lábẹ́ àwọ̀n, kò nílò gílóòbù kankan. Pánẹ́ẹ̀lì sólà kékeré kan tó láti fa omi ẹ̀.

Kí àwọn aṣòfin l'Ábùjá ṣí ìwé àṣẹ sílẹ̀ fún àgbẹ̀ tó fẹ́ gbìn ín fún oògùn, lójú ọ̀sán, lórí ilẹ̀ tí gbogbo èèyàn mọ̀. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ sì ra dúrọ́ọ̀mù méjì, ẹ̀rọ omi kan àti àpò èèpo àgbọn bíi mélòó kan, kí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ tó ń wo fídíò yìí bí wọ́n ṣe ń gbin ata. Mi ò rò pé ó máa ná wọn tó owó pátákó ẹ-kú-ọdún tí wọ́n ń gbé sójú títì.