Ẹni tó ń ṣọ́ bàtà



Ní kíláàsì àgbà kan tí mo bẹ̀ wò ní Kambolé, mo bá ọkùnrin kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí. Àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ló mú un nígbà tó wà ní kékeré. Nínú gbogbo kíláàsì náà, òun ló kọ́kọ́ ka odindi ojú ewé kan láì dúró. Inú mi dùn púpọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo kọjá lẹ́bàá pápá bọ́ọ̀lù, mo sì tún rí i. Ó jókòó lábẹ́ igi máńgòrò. Bàtà àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù wà ní òkìtì níwájú rẹ̀, pẹ̀lú aago àti fóònù wọn. Ó ń bá wọn ṣọ́ ọ. Mo bi í pé láti ìgbà wo ló ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Láti kékeré ni, ọ̀gá. Àwọn tí mo ṣọ́ bàtà wọn nígbà náà ti di baba ọmọ. Bàtà àwọn ọmọ wọn ni mò ń ṣọ́ báyìí."

Kò sí ẹni tó fìyà jẹ ẹ́ ní pápá yẹn. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì fọkàn tán an. Ta ni yóò fi fóònù rẹ̀ sọ́wọ́ ẹni tí kò fọkàn tán? Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yìí wá, kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó bi í rí bóyá ó fẹ́ ṣeré.

A kì í ṣe ìkà ènìyàn. Lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí a bá kírun tán, a máa ń fún àwọn akàndá ẹ̀dá ní sàráà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Àwọn baba ńlá wa tilẹ̀ pè wọ́n ní ẹni òòṣà, kí ẹnikẹ́ni má baà fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Sàráà dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń ṣe sàráà, àwa wà ní ìdúró, ẹni tó ń gbà á wà nílẹ̀. Nínú eré, a ó jọ làágùn ni.

A sì mọ eré, àwa ará agbègbè yìí. Ẹni tó bá mọ Sokodé mọ ohun tí Sémassi jẹ́ fún ìlú náà. Tchamba ní Koroki tirẹ̀. Kí ló dé tí a fi gbà pé eré kò kan ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran?

Àwọn mìíràn ti gba irú èrò bẹ́ẹ̀ gbọ́ ṣáájú wa. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn ogun ńlá kejì, àwọn ènìyàn rò pé ọmọ ogun tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti ṣẹ́ kò ní ohun mìíràn láti ṣe ju kó dùbúlẹ̀ de ikú lọ. Dókítà Ludwig Guttmann, tó jẹ́ Júù, tó sì ti sá kúrò ní Jámánì, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ilé ìwòsàn Stoke Mandeville, ó fi ọrun àti ọfà lé wọn lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1948, ènìyàn 16 fi ọfà díje lórí kẹ̀kẹ́ arọ. Nígbà tó di ọdún 1960 ní Róòmù, wọ́n ti tó 400, láti orílẹ̀-èdè 23. Láti ibẹ̀ ni ìdíje Paralympic ti bẹ̀rẹ̀. Tógò wa kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ní ọdún 2016, ní Rio. Ní Paris ní ọdún 2024, Folashade Oluwafemiayo, obìnrin ará Nàìjíríà, dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó sì gbé irin tó wúwo tó kílò 167 sókè. Ẹ ro àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta pọ̀. Ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni àwọn tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ irin náà, tí wọ́n ṣe tán láti dì í mú bí ó bá fẹ́ já. Kò sí ẹni tó mọ orúkọ wọn. Irú wọn ni a nílò nílùú wa.

Nínú bọ́ọ̀lù àwọn afọ́jú, ṣaworo wà nínú bọ́ọ̀lù náà. Wọ́n ń fi aṣọ di ojú gbogbo àwọn agbábọ́ọ̀lù, kí ẹni tó ríran fírífírí má baà rẹ́ ẹnì kejì jẹ. Aṣọ́lé nìkan ló ń ríran. Ẹnì kan dúró lẹ́yìn ilé àwọn alátakò, òun ló ń fi ohùn tọ́ àwọn tirẹ̀ sọ́nà. Àwọn tó ń wòran gbọ́dọ̀ dákẹ́ títí bọ́ọ̀lù yóò fi wọlé (èyí ni mo rò pé yóò ṣòro jù fún àwọn ará Sokodé). Afọ́jú tó ń sáré ní ẹni tó ń bá a sáré, okùn kúkurú kan so ọwọ́ wọn pọ̀. Fún àwọn adití, rẹfirí ń gbé àsíá sókè dípò fèrè. Ní Èkó, àwọn tí rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ mú ń jókòó sórí pátákó tó ní táyà kéékèèké mẹ́rin, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Káfíńtà wa lè kan irú pátákó bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ oníṣìmẹ́ǹtì kan ló kù.

Nítorí náà, owó kọ́ ni ìṣòro àkọ́kọ́. Ìṣòro náà ni ẹni tí yóò wá lónìí, tí yóò sì tún wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo mọ ìlú kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá, tí í ṣe ọjọ́ àwọn akàndá ẹ̀dá lágbàáyé, àwọn àlejò kó bọ́ọ̀lù tuntun wá. Wọ́n bá àwọn ọmọ ṣeré, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ ní Sátidé. Ìyá kan wẹ ọmọbìnrin rẹ̀ tó jẹ́ adití, ó wọ aṣọ fún un, ó mú un lọ sí pápá. Wọn kò rí ẹnikẹ́ni. Sátidé mẹ́ta ló mú un lọ. Nígbà tí a wá pè é lẹ́yìn náà fún nǹkan mìíràn, kò dá wa lóhùn. N kò lè bá a wí.

Ẹni tí kò bá lè wá déédéé, kó má ṣe ṣèlérí. Ẹni tó bá lè wá, kó kọ́kọ́ bi akàndá ẹ̀dá náà ní ohun tó fẹ́ àti ohun tó lè ṣe. Kó má ṣe gbé e, kó má sì ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láì gba àṣẹ. Kó lọ bá àwọn òbí nílé, pàápàá àwọn tí ìtìjú mú kí wọ́n fi ọmọ wọn pamọ́ sí yàrá. Bí ọmọbìnrin bá wà níbẹ̀, kí obìnrin wà lára àwọn tó ń tọ́jú wọn. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 2004 dáàbò bo àwọn akàndá ẹ̀dá. Àdéhùn àgbáyé tí Tógò fòǹtẹ̀ lù ní ọdún 2011 sì dárúkọ eré ìdárayá, ní abala 30. Ẹ̀tọ́ wọn ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ mọ bó ṣe rí kí gbogbo ayé máa ṣe nǹkan lójú ẹni, kí ẹni máa wòran. Bí lẹ́tà bá dé, ọmọ ẹlòmíràn ni ẹ ń wá láti kà á. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ́ yín kò gba owó oṣù. Wọ́n ti oko dé, wọ́n wẹ ẹsẹ̀, wọ́n wá, lálaalẹ́. Wákàtí kan lọ́sẹ̀ ni mò ń bẹ̀ yín fún, kì í ṣe gbogbo alẹ́.

Mo padà lọ bá ọkùnrin tó ń ṣọ́ bàtà. Mo bi í pé eré wo ló wù ú. Kò tilẹ̀ ronú. Ó ní eré ìje kẹ̀kẹ́ ọlọ́wọ́ ni, láti ọjà dé pápá. Ó ti bá ẹni méjì mìíràn tó ní irú kẹ̀kẹ́ náà sọ ọ́, wọ́n sì gbà. Ohun tí wọ́n ń wá báyìí ni ẹni mẹ́rin tí yóò dúró lójú ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, láti dá àwọn alùpùpù dúró títí wọn yóò fi kọjá.